Ẹni tó kọ́ mẹkáníìkì lẹ́wọ̀n: ṣé kí n gbà á sí gáréèjì mi?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní gáréèjì ní Òwódé, ní Ọ̀yọ́ níbí. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò wá bẹ̀ mí fún iṣẹ́. Ó ní inú ọgbà lòun ti kọ́ mẹkáníìkì fún ọdún kan ààbọ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ní olè tó bá ti mọ mẹkáníìkì, mọ́tò kọ́sítọ́mà ni yóò wà sá lọ. Ṣé kí n gbà á? Iṣẹ́ wo ni kó kọ́kọ́ máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ “olè” yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹ kò sọ ohun tó gbé e débẹ̀ fún mi, bóyá ẹ kò tíì bi í. Ó ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nílẹ̀ wa tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ bi í kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn tó wà lẹ́wọ̀n níṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ pé olè jíjà là ń kọ́ olè sì máa ń bí mi nínú gan-an. Kí ló wà nínú iṣẹ́ wa tí olè nílò? Ẹni tó fẹ́ jí mọ́tò kò ní tú tọ́pù síláńdà kalẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti tẹ̀. Kò ní wọn àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì. Kọ́kọ́rọ́ ló ń wá. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé báyìí sì ní ohun kékeré kan nínú tí kọ̀ǹpútà mọ́tò gbọ́dọ̀ dá mọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbà láti ṣiṣẹ́. Láti 1998 ni Jámánì ti sọ ọ́ di dandan fún mọ́tò tuntun. Sípánà 14 kò ran ìyẹn. Èmi fúnra mi, tí kọ́kọ́rọ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ọ̀dọ̀ rẹwáyà ni mò ń gbé e lọ. Orí tábìlì ni olè ti ń mú kọ́kọ́rọ́ ní gáréèjì. Ẹ wá àpótí tó ṣeé tì, kí gbogbo kọ́kọ́rọ́ máa wọ ibẹ̀. Gbogbo ọmọṣẹ́ yín ni mo ń bá wí o.

Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú, ẹ kò béèrè rẹ̀. Níbi tí mo ti ń kọ́ wọn, ẹ́ńjìnnì òkú la fi ń kọ́ wọn. Orí irin ló wà, kò ní bátìrì, kò ní epo, nítorí wọn kò lè jẹ́ kí pẹtiróòlù wọ àárín wọn. Kíkà là ń ka sípánà nírọ̀lẹ́. Bí ọ̀kan bá dín, ẹnikẹ́ni kò ní kúrò níbẹ̀. Ọmọ yẹn lè tú ẹ́ńjìnnì síláńdà mẹ́rin, kó tò ó padà, kó sì ka 1-3-4-2, bí iná ṣe ń tò wọ síláńdà wọn, fún yín láìṣì í. Àmọ́ kò tíì gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń mísì, ìyẹn èyí tí síláńdà rẹ̀ kan kò jó dáadáa. Kò tíì tún bíréèkì ṣe kó wá wa mọ́tò náà lọ tẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ jáde, ó ríṣẹ́, wọ́n ní kó wo mọ́tò tó ń gbọ̀n. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú tọ́pù tán kí ẹnì kan tó fi hàn án pé wáyà plọ́ọ̀gì kan ló já. Ó sunkún fún mi lórí fóònù. Mo ní ẹ̀bi mi ni, torí n kò rí ẹ́ńjìnnì alààyè fi kọ́ ọ.

Nítorí náà, ìdí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí. Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì kan (kọ́ìlì ló ń gbé iná fún plọ́ọ̀gì), ẹ sítáàtì, kó tẹ́tí. Kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Kó má pẹ́ lórí rẹ̀, torí epo tí kò jóná máa ń ba ohun tó ń sẹ́ èéfín lára sálẹ́ńsà jẹ́. Kó má sì fọwọ́ fà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ lágbára. Kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Bíréèkì tó bá tún ṣe, ẹ̀yin ni kí ẹ wò ó kí mọ́tò tó jáde.

Ní ti ìwé, ẹ bi í bóyá ó ṣe Trade Test, ìdánwò oníṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ìpele 3 ló kéré jù, ìpele 1 ló ga jù. Ẹ wo ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Èmi kò rí ọmọ náà rí, n kò lè dúró fún ìwà rẹ̀. Onídùúró tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ mìíràn, ẹ gbà á lọ́wọ́ òun náà. Bí ẹjọ́ rẹ̀ kò bá tíì parí, ẹ bi lọ́yà.

Ẹ má sọ ọ́ di ọmọ tuntun tí yóò máa ra ẹ̀wà kiri fún àwọn tí kò jù ú lọ. Owó oúnjẹ rẹ̀, láti ọjọ́ kìíní ni. Bí ẹ kò bá sì ní gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un lójúkorojú. Ẹ má ní kó máa lọ kó tún máa bọ̀.