Kí bíríkìlà tó wọ ṣáàpẹ́lì ìrántí yín

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. O ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ tún ṣáàpẹ́lì kékeré tí àwọn baba yín kọ́ ní ìrántí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kú ṣe, ẹ sì fẹ́ tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ kí àjọ̀dún tó dé. O béèrè èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ìtàn ni o! Kí ẹnikẹ́ni má gbé hámà wọ ibẹ̀ tí ẹ kò bá tíì da gbogbo àkọlé ara ogiri kọ.

Ojú mi rí nǹkan nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ àtúnṣe ẹgbẹ́ tiwa níbí ní Adó. Àwọn tó ń lẹ táìsì lẹ̀ ẹ́ bo òkúta ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ni ìjà bá dé. Ẹbí kan ní baba àwọn ló fi òkúta náà lélẹ̀, ẹbí kejì ní irọ́ ni. Àwọn àgbà tí wọ́n jọ dàgbà nínú kúáyà ò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí a gbẹ́ táìsì kúrò, lẹ́tà ara òkúta ti fọ́ dànù. Ìwé owó tí opó akápò àtijọ́ tọ́jú sínú àpótí aṣọ rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́run á bá wa kẹ́ màmá yẹn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní London náà. Ẹgbẹ́ Templar, àwọn jagunjagun onísìn, ló kọ́ Temple Church. Wọ́n ṣe é ní roboto bíi ti ilé ìsìn orí ibojì Jésù ní Jerúsálẹ́mù. Heraclius, olórí ìjọ Jerúsálẹ́mù, ló yà á sí mímọ́ ní 1185, wọ́n sì kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn. Ní 1695, àwọn òṣìṣẹ́ tó wá ṣàtúnṣe fọ́ àkọlé náà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹnì kan ti dà á kọ.

Tó bá jẹ́ ara idẹ ni àkọlé tiyín wà, ẹ má kọ́kọ́ fi Brasso nù ún, torí nínù ọdún pípẹ́ ló ń jẹ lẹ́tà. Ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù rà á jẹ́jẹ́. Orúkọ tí ojú ò rí mọ́ á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ti òkúta, ẹ dúró di alẹ́, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wá yà á ní fọ́tò. Ẹ wo ẹ̀yìn àga, ìsàlẹ̀ gíláàsì fèrèsé, àti èjìká agogo.

Ọjọ́ ìpìlẹ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ ìyàsímímọ́ o. Owó kòkó ni wọ́n fi ń kọ́lé nígbà náà lọ́dọ̀ wa. Bí kòkó ò bá ṣe dáadáa, ilé á dúró, torí náà ọjọ́ méjèèjì lè jìnnà síra wọn.

Bí ogiri bá jẹ́ alámọ̀, ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Omi á há sínú, ogiri á sì máa wú.

Bí ẹ bá kọ ìtàn náà tán, ẹ kà á sétí àwọn ẹbí tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.