Ṣé ṣíríkì ni tí Mùsùlùmí bá ń gbèjà odò?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum Àfáà wa. Iléṣà ni mo wà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa fẹ́ lọ bá ìjọba kí wọ́n lé àwọn tó ń wa góòlù ní Atakunmosa kúrò létí odò, torí omi tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun ti pọ́n bíi tíì onímílíìkì. Àwọn kan ní mọ́sáláṣí wá ní kí n má dá sí i, pé ọ̀rọ̀ àwọn olórìṣà ni, pé ṣíríkì ni, ìyẹn fífi nǹkan míì ṣe orogún Ọlọ́hun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé a sì ṣì lè fi omi yẹn ṣe àlùwàlá?

ÌDÁHÙN: Wa alaykum salaam. Rárá o, kì í ṣe ṣíríkì. Kéèyàn máa bọ odò, kó máa tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn ni ṣíríkì, àmọ́ Ọlọ́hun ti dá odò kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́. Ànábì wa (SAW) fúnra ẹ̀ sọ Mẹ̀dínà di haram, ìyẹn ilẹ̀ ọ̀wọ̀, wọn ò gbọdọ̀ gé igi ibẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ dọdẹ ẹran ibẹ̀, ó wà nínú ìwé hadiisi Bukhari àti ti Muslim, ta ló wá máa sọ pé igi ni Ànábì ń bọ? Ó tún kìlọ̀ pé ká má ṣu síbi tí wọ́n ti ń pọnmi, ìgbẹ́ lásán nìyẹn o, a ò tíì sọ ti mákúrì, májèlé táwọn tó ń wa góòlù ń lò.

Mákúrì yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n fi ń kó góòlù jọ, ìyókù á ṣàn wọdò, á wọ ara ẹja, kì í sì tètè kúrò níbẹ̀, ẹja ńlá á jẹ kékeré, àwa náà á ra ẹja ńlá wálé. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ wa kìlọ̀ fáwọn tó lọ sọ́dún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà.

Ti àlùwàlá, ẹrẹ̀ ò sọ omi di najisi, ìyẹn ohun ẹ̀gbin. Tó bá jẹ́ najisi ló yí àwọ̀, òórùn tàbí adùn ẹ̀ padà, kò ṣeé lò mọ́. Tí àwọn tó mọ̀ bá sì ní májèlé inú ẹ̀ á ṣe yín ní jàǹbá, ẹ lọ fa omi kànga, tí kò bá sí omi míì, ẹ ṣe tayamọmu, ìyẹn kẹ́ ẹ fi erùpẹ̀ tó mọ́ rọ́pò omi àlùwàlá.

Bá wọn lọ. Tí wọ́n bá ní ká kọ́kọ́ ṣètùtù létí odò, má tẹ̀ lé wọn débẹ̀, lọ dúró dè wọ́n ní sẹkitéríàtì. Àwọn tó ní kó o má lọ yẹn ńkọ́, fọgbọ́n bi wọ́n bóyá kò sí ẹni tó ti fi ilẹ̀ bàbá ẹ̀ háyà fáwọn awakùsà nínú wọn, torí owó ilẹ̀ tó ń ba omi ẹlòmíì jẹ́, ìbéèrè tiẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.