Èsì: Ṣé abẹ́rẹ́ ìdí ẹ̀yìn lè sọ ọmọ di arọ?

Ẹ kú àníyàn ọmọ, Màmá. Ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora, tí wọ́n fẹ́ gún ọmọkùnrin yín ọlọ́dún méjì ní ìdí ẹ̀yìn, nítorí iṣẹ́ abẹ ìpá rẹ̀, lè sọ ọ́ di arọ. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi: nínú àkójọ tí àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018, tí oríṣiríṣi abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora ní apá kan ara ọmọdé, títí kan irú èyí, tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 100,000, kò sí ọmọ kankan tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ bàjẹ́ títí láé.

Ìgbà mìíràn oògùn inú abẹ́rẹ́ náà kì í ṣiṣẹ́ tó, wọn yóò sì fi oògùn ìrora mìíràn kún un. Ẹsẹ̀ lè wúwo fún wákàtí díẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó dá rìn.

Èyí tí àwa oníṣẹ́ ìṣègùn ń bẹ̀rù ní tòótọ́ ni kí oògùn ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí ó lè fa gìrì tàbí kí ó dá ọkàn dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn ọmọ kí bupivacaine, oògùn ìrora inú abẹ́rẹ́ náà, má baà kọjá mílígíráàmù 2.5 fún kílò kan, tí a ń fa sìríńjì sẹ́yìn láti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò yọ, tí a sì ń ti oògùn náà díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń wo ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọkàn. Wọn yóò kọ́kọ́ kùn ún lóorun. Ẹ má ṣe bẹ̀rù ìyẹn, ọmọ tí ń jà ni ó léwu jù láti gún. Ẹ kàn bi wọ́n bóyá Intralipid, omi ọ̀rá tí a ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, wà nítòsí, nítorí òun ni a ń fà sí ọmọ lára bí oògùn náà bá di májèlé.