Yétúndé, Ìyábọ̀, Yéwándé: Ìyá Wo Ló Dé?

Létà orúkọ pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí orúkọ tí à ń sọ ọmọbìnrin tí a bí lẹ́yìn tí ìyá àgbà ti lọ. Mo kó mẹ́rin jọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ìyá ọkọ mi kú nínú oṣù Kẹta, oyún oṣù méjì sì wà nínú mi nígbà náà. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé obìnrin ni. Ọkọ mi ní Yétúndé ni ọmọ òun máa jẹ́, àbúrò rẹ̀ ní Ìyábọ̀ ló dáa jù, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń pè lójoojúmọ́ pé Yéwándé ni. Ṣé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn orúkọ yìí ni? Màmá tó bí èmi gan-an wà láàyè, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ Yétúndé sétí rárá. Wọ́n ní, ta ló kú tó tún ń dé? Pásítọ̀ wa náà ní orúkọ àtúnwá ni, kí a yàgò fún un. (Ìyá Ìkókó Lọ́la, Òṣogbo)*

Ìyàwó wa, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ìyá kan náà ni gbogbo wọn ń kí káàbọ̀. Yé tó bẹ̀rẹ̀ Yétúndé àti Yéwándé, yèyé ni, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ifẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Ìyábọ̀ ní tirẹ̀ mú ìyá ti àwọn ará Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn orúkọ yìí ti jáde nílé: Ìyábọ̀ wà l'Ékìtì, Yétúndé sì kún Ìbàdàn fọ́fọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìlú já a mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ohun tí ìyá ṣe ni wọ́n fi yàtọ̀. Yétúndé, ó tún dé. Ìyábọ̀, ó lọ, ó sì bọ̀. Àwọn mìíràn á fà á gùn, wọ́n á ní Ìyábọ̀dé. Yéjídé tún wà, èyí tí ọkọ rẹ àti àwọn ẹbí rẹ̀ kò rántí: ó jí, ó dé, bí ẹni pé oorun lásán ló gbé e lọ. Yéwándé ló wù mí jù nínú wọn, torí ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ìyókù. Ìyá wá mi dé. Ẹni tí ìyá fi sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ráyè wálé sìnkú, mo mọ ìdí tó fi dì mọ́ Yéwándé. Ẹ fún un láyè.

Lójú tèmi, ọmọ olóògbé ló ni orúkọ yìí, ọkọ rẹ àti àwọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Kò sì pọn dandan kí wọ́n jà. Lọ́jọ́ ìkómọ, kí olúkúlùkù ju owó sínú àwo, kó pe orúkọ tirẹ̀. Ọ̀kan á wọ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìyókù á wà lẹ́nu àwọn tó fún un. Pé o ti lóyún kí ìyá tó kú kò dí wa lọ́wọ́: níbi tí mo dàgbà sí, ọjọ́ ìbí ni àwọn àgbà ń kà, wọn kì í ka oyún.

Bá mi kí màmá rẹ dáadáa. Sọ fún wọn pé ìyá bàbá ọmọ ni wọ́n ń kí káàbọ̀, kò sẹ́ni tó fi orúkọ wọn mọ́ òkú. Kí wọ́n mú oríkì wá. Àbẹ̀ní, Àṣàkẹ́, Àjọkẹ́, èyí tó bá wà nílé wọn. Òun ni wọ́n á máa fi bẹ ọmọ kó jẹun, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá wọn du ìyẹn.

Ti pásítọ̀ ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Àmọ́ àlùfáà ni Bọ́lájí Ìdòwú náà, ẹni tó padà di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, òun ló sì kọ ọ́ ní 1962 pé nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ẹni tó lọ ṣì wà lọ́run, síbẹ̀ ó ń yà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò ta ọ̀run nù láti wáyé. Ìwọ náà ronú sí ohun tí à ń wí nídìí òkú: a ní ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, kó má jọ̀kún, kó má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó bá wọn jẹ. Ẹnu yẹn náà la fi ń ṣàdúrà pé kó padà yà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kí pásítọ̀ tilẹ̀ wo ìwé orúkọ ìjọ wọn dáadáa. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á rí Babátúndé kan láàárín àwọn díákónì.

*Ẹ kú àárọ̀, Mummy. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ó ń jẹ́ Yétúndé, èmi ń jẹ́ Yéwándé, ìyá àgbà kan náà sì ni wọ́n ní ó dé. Ta gan-an ni ìyá àgbà nínú àwa méjèèjì? Níbi iṣẹ́, Wandy ni wọ́n ń pè mí. Ṣé kò bàjẹ́? (Yéwándé, Peckham)*

Ẹ̀yin méjèèjì ni, ọmọ mi. Ohun tí mo sọ fún Ìyá Ìkókó Lọ́la lókè yẹn dé ọ̀dọ̀ tìẹ náà: ẹni tó lè wà lọ́run kó tún wà láyé, ilé méjì kò ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, wọ́n lè gbé ìkókó lọ sọ́dọ̀ babaláwo fún àkọsẹ̀jayé, kí Ifá sọ ẹni tó yà. Lóde òní, àwọn àǹtí ló ń ṣe iṣẹ́ Ifá. Wọ́n á wo imú, wọ́n á wo ìka ẹsẹ̀, wọ́n á ní òun náà nìyí.

Ìyábọ̀ ni èmi. Aláró ni ìyá bàbá mi, Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni ìkòkò rẹ̀ wà. Bàbá mi kì í pè mí lórúkọ, “Ìyá mi” ni wọ́n ń pè mí, àwọn ìyàwó ilé náà sì ń pè mí ní Ìyá nígbà tí mi ò tíì lè wẹ ara mi. Bí màmá mi bá fa pàṣán yọ, bàbá á béèrè láti inú yàrá pé, “Ṣé ìyá mi lo fẹ́ nà?” Pàṣán á wálẹ̀. Gbèsè rẹ̀ wá dé nígbà tí mo yan iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin bínú títí, wọ́n ní báwo ni ìyá ṣe máa gbàgbé aró tó fi tọ́ wa. Mi ò lè jẹ́ aláró àtijọ́ kí n tún jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí kò fẹ́ kí aró ta sí òun lára, mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé kí ìwọ àti Yétúndé bi àwọn bàbá yín ohun tí màmá yẹn ń ṣe, ohun tó ń jẹ, ohun tó ń bí i nínú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní pẹ́ tán láyé.

Ti Wandy, kò dùn létí mi. Wándé ni gígékúrú rẹ̀, kò sì le lẹ́nu òyìnbó. Àwọn Yétúndé ló kàgbákò jù lórí èyí, torí àwọn ọkùnrin ti gba Túndé lọ pátápátá. Ìdí tí Yetty fi gbòde nìyẹn.

*Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n Venus àti Serena Williams, àwọn tó gbajúmọ̀ nínú tẹníìsì, ń jẹ́ Yetunde. Ṣé Yorùbá ni wọ́n ni? (Ọ̀rẹ́ Eré Ìdárayá, Ìlọrin)*

Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n. Yetunde Price ni àkọ́bí ìyá wọn, 1972 ni wọ́n bí i. Wọ́n yìnbọn pa á ní Compton, ní California, ní 2003, àwọn àbúrò rẹ̀ sì dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2016 ní orúkọ rẹ̀, fún àwọn tí ìwà ipá bá kàn. Àsìkò tí wọ́n bí i ni àwọn aláwọ̀ dúdú púpọ̀ níbẹ̀ ń wá orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà fún ọmọ wọn. Ní 1970 ni àwọn kan nínú wọn tẹ abúlé òrìṣà kan dó ní South Carolina, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́túnjí.

Freetown, ní Sierra Leone, ti ṣáájú wọn. Lẹ́yìn 1807 tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun wọn ń sọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun kalẹ̀ sí, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn, tí à ń pè ní Krio, ń jẹ́ Iyatunde. Ní Brazil, yèyé ṣì wà lẹ́nu àwọn olórìṣà: “Ora yê yê ô” ni wọ́n fi ń kí Ọ̀ṣun.

*Ìyá mi kú ní 2015. Ọkùnrin méjì ni ìyàwó ọmọ mi ti bí láti ìgbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí obìnrin lánàá. Ṣé kò ti pẹ́ jù láti sọ ọ́ ní Ìyábọ̀? (Bàbá Àgbà, Abẹ́òkúta)*

Mo ti fi èsì ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ṣùgbọ́n ó lè wúlò fún ẹlòmíì. Kò pẹ́ rárá, Bàbá. Obìnrin ni wọn ò tíì rí bí. Ẹ ṣá kọ́kọ́ pe àwọn àbúrò yín, bóyá ọ̀kan nínú wọn ti ní Ìyábọ̀ tirẹ̀. Kò ní dí tiyín lọ́wọ́, àmọ́ ẹ ó fẹ́ mọ̀ kí ẹ tó kéde níwájú àlejò pé ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ yín rántí ìyá yín díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n rí. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú oríkì wọn, kó lè rí i fi ki ọmọ.