Bí kọ̀ǹpútà ìjọba bá ṣi ọjọ́ kà, ṣé ìjọba lè jẹ̀bi?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Àkúrẹ́ pé kọ̀ǹpútà ka ọjọ́ ìbí bàbá yín sódì, tí owó ìfẹ̀yìntì wọn fi dúró: bẹ́ẹ̀ ni, iléeṣẹ́ ìjọba lè jẹ̀bi. Èèyàn ló gbé kọ̀ǹpútà wọlé, èèyàn ló sì yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ jù. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé kí ilé ẹjọ́ tó gba ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, ó gbọ́dọ̀ hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò tọ́rọ̀ kàn. Èyí tó ń ṣi ọjọ́ kà ńkọ́? Ìwé tí ìjọba fẹ́ fi gbèjà ara rẹ̀ gan-an lè di èyí tí adájọ́ kò ní gbà. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́ bàbá bí ẹyin.

Ẹ má fi falẹ̀ o: òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ọba lè fi gbèdéke oṣù 3 sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè rí lọ́yà.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣi ọjọ́ kà yìí ti parí ní ọdún 2000, nígbà tí ẹ̀rù ń ba ayé pé kọ̀ǹpútà tó ń fi nọ́ńbà méjì péré kọ ọdún yóò ka 2000 sí 1900. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2038, ní aago 4:14 ìdájí tiwa, àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti 1970 sínú ààyè bit 32 (ààyè tí nọ́ńbà tó lè gbà ní òpin) yóò kún, ọ̀pọ̀ wọn yóò sì ka ọjọ́ padà sí 1901. Iléeṣẹ́ tó bá kọtí ikún sí i kò ní lè sọ pé òun ò mọ̀.