Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí Ló Dé Tí Tọmọ Fi Ju Tìyá Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òrùka ìgbéyàwó mi ń há sí oríkèé ìka, ni dókítà bá ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún IGF-1, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ara dàgbà. Ẹni ọdún 52 ni mí, 118 ni wọ́n kọ fún mi. Ọmọbìnrin mi ọlọ́dún 15 ṣe tirẹ̀, ó jẹ́ 410. Ṣé ara mi ti ń gbẹ ni? — Ìyá oníṣòwò, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Tiyín bá ọjọ́ orí yín mu, tọmọ náà bá tirẹ̀ mu. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú IGF-1, họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbàsókè tó ń ti abẹ́ ọpọlọ wá ló sì ń pàṣẹ fún un. Ó kéré lára ìkókó. Nígbà tí ọmọbìnrin bá ń bàlágà, tí bàtà tuntun kì í pẹ́ fún un lẹ́sẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn ló máa ń ga jù. Lẹ́yìn náà, á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí obìnrin bá fi máa di ẹni 60 ọdún, kì í sábà tó ìdajì ti ìgbà ìbàlágà. Oyún a tún máa gbé e sókè, pàápàá láti bí ìdajì oyún lọ, torí ibi ọmọ náà ń tú họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbàsókè jáde.

Nítorí náà, ẹ má fi tiyín wé tọmọ. Ààlà ọjọ́ orí yín tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá máa tún un ṣe, láàbù kan náà ni kí ẹ padà sí, torí ẹ̀rọ kan kì í kà bíi ti èkejì. Kò sí wákàtí tí wọn kò lè fa ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ kò sì ní láti febi pa ara yín lọ. Kódà, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti àìrí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí wàrà jẹ a máa fà á wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn ẹ̀dọ̀.

Ti òrùka ńkọ́? Àìsàn tí ń mú ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àgbọ̀n àgbàlagbà tóbi sí i a máa gbé IGF-1 kọjá ààlà. Tiyín kò kọjá. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí ó wo oríkèé àti kíndìnrín.

Ìbéèrè: Mò ń lo oògùn oníhóró fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ṣé ó lè da èsì yìí rú? — Olùkọ́, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ́sítírójìn, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, bá wà nínú rẹ̀. Oògùn tí a gbé mì, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà á. Ẹ́sítírójìn kì í sì jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ gbọ́ àṣẹ họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbàsókè dáadáa, èsì á wá lọ sílẹ̀. Ó tiẹ̀ lè bo àìsàn mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá kò ní ẹ́sítírójìn nínú. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín; ẹ mú páálí rẹ̀ dání, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀.