Àgbà iṣẹ́ mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta: ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Kubwa ni mò ń gbé, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìkì: báńà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pósítà ìsọjí, káléńdà. CorelDRAW ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, mo sì fẹ́ máa ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn oníbàárà. Mo lọ bá ènìyàn mẹ́ta tó wà nínú iṣẹ́ náà láàárín Wuse àti Gwarinpa. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n kọ́ Figma, ohun èlò tí wọ́n fi ń ya bí ìkànnì ṣe máa rí, kí n má wulẹ̀ fọwọ́ kan kóòdù. Ẹnì kejì ní bí mi ò bá mọ HTML, CSS àti JavaScript, àwọn èdè kóòdù tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kẹta ní WordPress, ètò tí ènìyàn lè fi kọ́ ìkànnì láìfọwọ́ kọ kóòdù, nìkan ti tó. Orí mi ti dàrú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Bí mo bá sì tún rí àgbà iṣẹ́ mìíràn bá sọ̀rọ̀, kí ni kí n bi í gan-an?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú akitiyan. Inú mi dùn pé o kọ́kọ́ wá ènìyàn lọ kó o tó kó owó lé ẹ̀kọ́ kankan. Òótọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ fún ọ. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ bó o bá dé gáréèjì Jabi, tó o bi awakọ̀ mẹ́ta pé, "Ọ̀nà wo ni kí n gbà?", ẹni tó ń lọ Kàdúná á ní Zuba, ẹni tó ń lọ Jos á ní Keffi, ẹni tó ń lọ Lọ́kọ́ja á ní Gwagwalada. Kò sí ẹni tó tàn ọ́ jẹ nínú wọn. Ìwọ lo ò tíì sọ ibi tó ò ń lọ.

Ẹni tó ní kó o kọ́ Figma, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló ń sanwó oṣù fún un. Níbẹ̀, òun ló ń ya bí ohun gbogbo ṣe máa rí lójú fóònù, ẹlòmíràn ló ń fi kóòdù kọ́ ọ. Láti ọdún 2016 tí Figma ti wà fún gbogbo ènìyàn ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rọrùn sí i, nítorí pé ènìyàn márùn-ún lè jọ wà lórí àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan wà ní Àbújá, kí èkejì wà ní Èkó. Ẹni tó ní kó o kọ́ kóòdù, kọ́lékọ́lé lòun. Ìpìlẹ̀ tó ń sọ náà kò sì tíì yẹ̀: HTML ti wà láti ìgbà tí Tim Berners-Lee ṣí ìtàkùn ayélujára sílẹ̀ fún aráyé ní 1991, Håkon Wium Lie dá àbá CSS ní 1994, JavaScript dé ní 1995. Ojú-ìwé tí WordPress bá gbé jáde lónìí, HTML àti CSS náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta, àwọn tó ni ilé ìwé, ilé ìwòsàn kékeré, òtẹ́ẹ̀lì àti ìjọ ni oníbàárà rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ìkànnì tí akọ̀wé wọn á lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù tàbí déètì ìdánwò lórí rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. WordPress, tó ti wà láti 2003, ló bá wọn mu.

Wàyí o, wo ibi tí ìwọ dúró. Ọdún mẹ́rin lo ti fi ń bá irú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ṣe báńà. Nọ́ńbà rẹ wà nínú fóònù wọn. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀ lọ máa wá owó oṣù ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Màá mú ọ̀nà ẹnì kẹta, àmọ́ màá kọ́kọ́ fi oṣù mélòó kan kọ́ HTML àti CSS dáadáa, nítorí pé ọjọ́ tí WordPress bá gbé nǹkan síbi tí o ò fẹ́, òye wọn ni wàá fi tún un ṣe. JavaScript lè dúró díẹ̀. Figma náà lè dúró, ojú tó o fi ń to lẹ́tà sórí báńà kò ní sọnù.

Ní ti ohun tó yẹ kó o máa bi àgbà iṣẹ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé mo ti fi ìbéèrè tí kò dára ṣòfò àkókò rí. Kàdúná ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ Haúsá. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ìbéèrè mi kò ju "Kí lẹ fi ṣe èyí? Kí lẹ fi ṣe ìyẹn?" Wọ́n á dá mi lóhùn, màá lọ gbé e sórí kọ̀ǹpútà mi, kò sì sí ohun tó yí padà. Lọ́jọ́ kan ni mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n rò ó fún mi láti ìpè àkọ́kọ́ títí dé owó ìkẹyìn. Wọ́n ṣí WhatsApp wọn, wọ́n ń fà á lọ sókè, wọ́n ń ka ọjọ́. Ìkànnì ilé ìwé kan ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi dúró de fọ́tò àwọn olùkọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ kọ, ó sì ń wọlé ní ẹyọ ẹyọ, òmíràn jẹ́ fọ́tò ìwé tí wọ́n fi bírò kọ. Wákàtí kan yẹn kọ́ mi ju oṣù mẹ́ta lọ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́ bí ọ̀rọ̀ àti fọ́tò rẹ̀ kò bá tíì pé lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, bẹ àgbà tó o bá bá sọ̀rọ̀ kó mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bi í pé ta ló júwe oníbàárà yẹn sí i. Bi í pé báwo ló ṣe dá iye lé e, ìgbà mélòó ni wọ́n ní kó tún un ṣe, àti ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn tí kò jẹ́ kí wọ́n máa ní kó tún un ṣe títí láé. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń béèrè iye owó, àgbà á sì lọ́ra láti dáhùn. Bi í bó ṣe ń pín in gbà, èyí ni á ràn ọ́ lọ́wọ́. Èmi máa ń gba ìdajì sílẹ̀, ìlàjì ìyókù bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí bó ṣe máa rí, èyí tó kù kí ìkànnì tó gorí àdírẹ́sì wọn. Mo ti fìgbà kan gbé e sórí àdírẹ́sì kí n tó gba àṣẹ́kù. Títí di òní ni mò ń retí owó náà.

Ìbéèrè kan wà tí o ò gbọ́dọ̀ gbàgbé: orúkọ ta ni wọ́n fi gba àdírẹ́sì ìkànnì náà? Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé ìwé kan gbé iṣẹ́ wá fún mi. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é fún wọn fi ímeèlì ara rẹ̀ gba àdírẹ́sì náà, ó sì rìnrìn àjò. Nígbà tí ọdún yípo tí owó tó yẹ kí wọ́n san kò wọlé, àdírẹ́sì bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹlòmíràn mú un. Wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn gbogbo ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ. NiRA ló ń bójú tó àwọn orúkọ tó parí sí .ng, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tà á ló ń forúkọ sílẹ̀ fún ènìyàn. Bó o bá ń ṣe é fún oníbàárà, orúkọ rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀ ni kó o lò, kí páásíwọ̀ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sì kọ ọjọ́ ìsanwó sínú ìwé fún un.

Jẹ́ kí n wá bá ọ sọ ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu bó o ṣe ń bọ̀ láti ilé ìtẹ̀wé. Lórí bébà, ìwọ lo ni ààyè. A4 jẹ́ mìlímítà 210 sí 297, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkànnì kò ní bébà. Fóònù pálábá, fóònù tóóró, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, gbogbo wọn ló máa ṣí i. Ethan Marcotte ló fún ọ̀nà tí a ń gbà yanjú èyí ní orúkọ ní 2010, responsive web design: ojú-ìwé kan náà ló máa ń na ara rẹ̀ tàbí kó ká ara rẹ̀ kò gẹ́gẹ́ bí ààyè bá ṣe rí. Fóònù ni kó o ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ á ti rí i. Fọ́tò tó o fi ń ṣe báńà, má gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ojú-ìwé kan bá wúwo tó MB mẹ́jọ, ẹni tó ra dátà GB kan, ìgbà 125 péré ni á fi ṣí i tí dátà á fi tán. Wo ìyá tó kàn fẹ́ mọ iye owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀.

Àwọ̀ náà ńkọ́? Àwọn dísáínà fẹ́ràn eérú lórí funfun. Ìlànà tí àgbáyé ń lò lórí èyí, WCAG, ní ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 4.5 sí 1 fún ọ̀rọ̀ kéékèèké. Eérú tí kóòdù àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ #777777, lórí funfun, jẹ́ 4.48, ó kù díẹ̀ káàtó. #767676 jẹ́ 4.54, ó yege. Jáde síta pẹ̀lú fóònù rẹ ní agogo kan ọ̀sán oṣù kẹta, kó o dúró sínú oòrùn Kubwa, kó o kà á. Wàá mọ ìdí tí ìlànà náà fi wà.

Ibì kan wà tí ọwọ́ rẹ ti mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ, ìyẹn orúkọ àwọn ènìyàn wa. Mo mọ̀ pé nínú CorelDRAW, a máa ń fa àmì ìdánudúró wá sábẹ́ e àti o kó lè di ẹ àti ọ. Ìyẹn kò ṣiṣẹ́ níbí. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà gidi, kí Google lè rí i, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú lè pè é. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, àmọ́ ẹ́ kò ní ẹyọ kan ṣoṣo: ẹ ni, tí àmì ohùn wá gun orí rẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì léra á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó gbé àpótí òfìfo síbẹ̀. Kó o tó mú fọ́ǹtì kankan fún oníbàárà, tẹ Ọlọ́run, ẹ̀kọ́ àti Ṣẹ́gun sínú rẹ̀. Lókè Ọya níbí, tẹ ɗaki, ƙasa àti ɓera náà, torí oníbàárà rẹ tó jẹ́ Haúsá ní lẹ́tà tirẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Fọ́ǹtì Noto Sans máa ń gbé gbogbo wọn. Ìgbà tí mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Nyanya sórí ìkànnì wọn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, alága wọn fi ìka tọ́ ọ, ó pè é sókè lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ̀rọ̀ nípa owó mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nípa bó o ṣe máa lọ bá wọn: má fi "Hi sir" ránṣẹ́ kó o wá dákẹ́. Kí wọn, sọ orúkọ ẹni tó júwe wọn fún ọ, sọ pé ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lò ń tọrọ àti pé iṣẹ́ wọn kan pàtó lo fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀, dárúkọ iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, má yan ọ̀sán Jímọ̀. Bó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, fi àárọ̀ Sunday sílẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ Haúsá, "sannu da aiki" ni ẹ kú iṣẹ́ wọn, á ṣí ilẹ̀kùn fún ọ. Lẹ́yìn oṣù kan, padà lọ fi ohun tó o fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe hàn wọ́n. Ẹni tó bá padà wá kì í pọ̀, wọn kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Wá ẹgbẹ́ rẹ náà mọ́ ọn. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní Zaria dá Zaria Art Society sílẹ̀. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà nínú wọn. Ara wọn ni wọ́n ń bá jiyàn lórí ohun tí wọ́n máa mú láti ilé kún ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Ẹni méjì tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Kubwa tó fún ọ, kẹ́ ẹ máa pàdé ní ọ̀sán Sátidé, kí ẹnì kan máa wo iṣẹ́ ẹnì kejì.

Ẹnì kẹta yẹn ni kó o kọ́kọ́ padà lọ bá. Ojú-ìwé kan péré ni kó o mú dání, ti aránṣọ àdúgbò rẹ pàápàá dára. Ṣí i lórí fóònù tirẹ̀, má ṣe ṣí i lórí tìrẹ, kó o sì dákẹ́ títí á fi sọ ohun tó kọ́kọ́ rí.